Irúgbìn Tó Bá Ẹja Wọ Ọkọ̀ Dé Ẹ̀pẹ́

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi wo àtọ̀ ọkùnrin kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ iṣẹ́ mi fún ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, pàápàá bí wọ́n bá rí i pé Alhaja oníbòrùn ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ mi gan-an, kí Ọlọ́run forí jì í, nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà, nọ́ọ̀sì ló sọ fún ìyá rẹ̀ pé mo jẹ́. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa ni ìyá náà tó gbọ́ òótọ́, ó sì ní kí n má fi ọwọ́ yẹn se ọbẹ̀ fún òun mọ́.

Èmi kò tijú iṣẹ́ mi. Ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí ọmọ kò bá tètè dé, obìnrin ni gbogbo ayé máa ń nàka sí, èmi ni mo máa ń sọ pé, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ ká wo ti ọkùnrin. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ara mi ń yá gágá, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín tó ń kà á ṣì ń wá iṣẹ́ tí wọn yóò fi ayé wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí n polówó tèmi fún yín.

Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Àǹtí mi tó ń gbé ní Ìkòròdú ló mú mi wá, yàrá kan ṣoṣo la sì ń gbé nínú ilé onígbà yàrá kan. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn: àǹtí mi ń rán aṣọ fún ìyàwó ọkùnrin kan tó ní ibi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ọkùnrin náà ń wá ọmọbìnrin tó mọ̀wé, mo sì lọ. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ má bi mí. Ọ̀gá Ṣóyẹmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìkòròdú gan-an, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wọ ẹ̀wù funfun láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Fún ọdún méje tí mo fi wà lábẹ́ rẹ̀, n kò rí àbàwọ́n kan lára ẹ̀wù náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, gíláàsì pẹlẹbẹ ni mo ń fọ̀, gíláàsì kékeré tí kò ju ìka méjì lọ, tí a máa ń kán ohun tí a bá fẹ́ wò sí lórí. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, Ọ̀gá á gbé e sókè sí ojú fèrèsé, á wò ó síhìn-ín, á wò ó sọ́hùn-ún, á sì dá a padà sínú omi ọṣẹ láìsọ nǹkan kan. Mo sunkún títí. Mo sọ fún àǹtí mi pé n kò lọ mọ́. Àǹtí mi ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wà nídìí gíláàsì.

Nígbà tó wá gbà kí n fi ojú mi sí awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, tí gbogbo wa mọ̀ sí máíkírósíkóòpù, omi kànga ló kọ́kọ́ kán sí i. Ó ní kí n kọ ohun tí mo rí. Mo kọ ọ́ pé omi náà mọ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fà á ya.

"Múìnátù, ṣé o rí mímọ́? Báwo ni mímọ́ ṣe rí? Kọ ohun tí o rí. Èrò rẹ, fi í sílé."

Mo tún un kọ: mo wo ẹ̀kán omi kan, n kò rí ohun tó ń rìn nínú rẹ̀. Ó mi orí rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni ìyìn tí mo gbà lọ́dún yẹn.

Òfin rẹ̀ kejì tún le ju ìyẹn lọ. Kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ dé orí tábìlì wa tí a kò ní béèrè ọ̀nà tó gbà wá. Ta ló gbé e? Inú kí ló gbé e sí? Ìgbà wo ló kúrò lára ẹni tó ni ín? Bí mo bá gbàgbé ọ̀kan nínú ìbéèrè yìí, á ní kí n jáde, kí n sáré lé ẹni náà bá. Mo ti lé bàbá arúgbó kan dé ibùdókọ̀ rí nítorí ìtọ̀, gbogbo èrò ibẹ̀ sì rò pé ó jí mi ní nǹkan ni.

Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́ tán kó tó jẹ́ kí n wo àtọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọjọ́ náà! Mo fi ojú sí awò, igbe sì bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́! Wọ́n pọ̀ lọ súà, olórí kóńkó, onírù gígùn, wọ́n ń sáré kiri bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ nínú kòtò òjò. Mo ti rò pé Ọ̀gá á bínú sí igbe mi. Kò bínú. Ó kàn rọra ní, "Ìwọ náà ti rí bẹ́ẹ̀ rí." Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ń wo gbogbo ọkùnrin tó ń kọjá, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ohun tí n óò ṣe láyé.

Mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo gba ìwé ẹ̀rí, mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà wọ́n pè mí sí Ẹ̀pẹ́ pé kí n wá ṣe olórí lábù kékeré kan tí kò jìnnà sí Ọjà Olúwo. Lọ́dọ̀ Ọ̀gá, awò wa kì í lo iná. Dígí róbótó kan ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí a máa ń yí sí oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ìsàlẹ̀ wọlé, bí òjò bá sì ṣú, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ní Ẹ̀pẹ́, awò oníná olójú méjì ni wọ́n rà fún mi, ó ń dán gbinrin. Èmi náà sì ń dán. Mo ti di Màdáámù. Kí oníṣẹ́ tó sọ tẹnu rẹ̀ tán, mo ti gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti kán an, mo ti mọ̀ ọ́n. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, àmọ́ ta ló máa sọ fún Màdáámù?

Ó ti tó bí ọdún mẹ́tàdínlógún sí ìsinsìnyí tí obìnrin kan wọlé wá bá mi. Bọ̀sẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ìdílé apẹja láti etí òkun Oǹdó ni wọ́n, wọ́n tẹ̀dó sí abúlé kan létí ọ̀sà, kọjá Àgbówà, ó sì máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹja tútù wá tà ní Ọjà Olúwo. Ó ti lọ́kọ lọ́dún mẹ́rin, kò tíì bí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì kan ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ọkọ rẹ̀, Ìdòwú, náà ṣe àyẹ̀wò. Ìdòwú ní òun kò ráyè wá sí Ẹ̀pẹ́, nítorí iṣẹ́ yanrìn lòun ń ṣe. Àwọn awayanrìn yìí, inú ọkọ̀ onígi ni wọ́n ti máa ń rì wọ inú ọ̀sà pẹ̀lú garawa, wọ́n á bu yanrìn nísàlẹ̀, wọ́n á gòkè, wọ́n á tún rì, títí ọkọ̀ á fi kún. Nítorí náà, inú ìgò ló fi tiẹ̀ rán ìyàwó rẹ̀ ní ìdájí.

Bọ̀sẹ̀ gbé ìgò kékeré náà kalẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Mo bi í léèrè ìgbà tó kúrò lára ọkọ rẹ̀, ó sì dá mi lóhùn. Èrò pọ̀ níta lọ́jọ́ yẹn. N kò béèrè ohunkóhun mọ́. Mo kán an, mo wò ó, kò sí ọ̀kan tó mira. Gbogbo wọn nà gbalaja. Mo mú bírò, ẹ sì wo ohun tí ọwọ́ mi kọ: irúgbìn ọkùnrin yìí ti kú tán, kò lè fún obìnrin lóyún. Mo lu òǹtẹ̀ lé e.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí Bọ̀sẹ̀ fi padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé ìgò. Báàgì aṣọ rẹ̀ ló gbé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó dúró títí gbogbo èrò fi lọ tán, ó wá nà án sí mi, ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ.

"Alhaja, ẹ bá mi wo ìwé yìí. Mo lóyún. Wọ́n ní ó ti lé lóṣù méjì. Ìdòwú ka ìwé yín, ó ní ta ló fún mi lóyún. Ìyá rẹ̀ ti kó ẹrù mi síta. Ẹ wò mí dáadáa, mi ò mọ ọkùnrin kankan yàtọ̀ sí Ìdòwú."

Mo jókòó tì í. Oyún ti wà nínú obìnrin yìí lọ́jọ́ tó wá bá mi, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. N kò mọ ibi tí mo ti ṣàṣìṣe, mo kàn mọ̀ pé ibì kan wà. Mo ti ilẹ̀kùn lábù, mo mú un dání, a wọ mọ́tò lọ sí Ìkòròdú, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣóyẹmí, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, tí ojú rẹ̀ sì ti ń di.

Ó gbé ìwé mi sún mọ́ ojú, ó kà á. Kò bá mi wí. Bọ̀sẹ̀ ló yíjú sí. Ó ní inú kí ló gbé ìgò náà sí nígbà tó ń bọ̀.

"Inú kúlà ẹja ni, Bàbá. Mo fi yìnyín bò ó dáadáa kó má baà bàjẹ́."

Ẹni tó ń ta ẹja tútù mọ̀ pé ohun tí èèyàn kò bá fẹ́ kó bàjẹ́, orí yìnyín ló yẹ kó sùn. Bọ̀sẹ̀ ti tọ́jú irúgbìn ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń tọ́jú òbòkún tó dára jù lọ nínú ọjà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òtútù yìnyín ló ń pa á. Abẹ́ abíyá ló yẹ kó fi í sí, kó máa móoru bíi pé kò tíì kúrò lára. Òun kò jẹ̀bi, ohun tó mọ̀ ló ṣe. Èmi tí wọ́n kọ́ láti béèrè ni kò béèrè.

"O rí i pé wọn ò mira," ni Ọ̀gá sọ. "Ìyẹn lo rí. Pé Ìdòwú ò lè fún obìnrin lóyún, níbo lo ti rí ìyẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ìgbà tí mo ń fọ gíláàsì. Mo ní n óò kọ ìwé mìíràn, n óò fi ránṣẹ́. Ó ní ìwé tó ti lọ kò ní ẹsẹ̀ tó lè fi padà, èmi ni mo lẹ́sẹ̀. Ó wọ yàrá, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì gbé awò onídígí àtijọ́ rẹ̀ jáde, ó ti nu eruku ara rẹ̀. Ó ní kò sí iná ní abúlé yẹn, àmọ́ oòrùn wà níbẹ̀.

Bí èmi àti Bọ̀sẹ̀ ṣe wọ ọkọ̀ ojú omi láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn. Mo gbé awò náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, torí bí omi bá fi lè ta sí i, mo parí. Nígbà tí a gúnlẹ̀, Bọ̀sẹ̀ ní òun kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ìgbà tí ẹni tó lé òun bá pe òun lòun máa sọ̀. Mo fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo lọ bá wọn.

Ìdòwú wà nílé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn alàgbà ìjọ wọn méjì sì wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìnyín fún wọn, mo ní èmi ni mo ṣẹ̀, ìyàwó wọn kò ṣẹ̀. Ìyá náà wò mí látòkè délẹ̀. Ó bi mí bóyá Bọ̀sẹ̀ ló bẹ̀ mí lọ́wẹ̀. Mo ní ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi gbọ́, ẹ jẹ́ kí Ìdòwú fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Inú bí Ìdòwú, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń fi ṣeré. Alàgbà kan ló sọ fún un pé bí kò bá bẹ̀rù òótọ́, kó gba ìgò. Ó já ìgò gbà lọ́wọ́ mi, ó wọ yàrá.

Kí ó tó jáde, ìkùukùu ti bo oòrùn. Ẹ gbà mí! Mo ti kán ohun tó mú wá sórí gíláàsì, mo ń yí dígí síwá sẹ́yìn, òkùnkùn biribiri ni mò ń rí. Ìyá Ìdòwú ti ń rẹ́rìn-ín ìkà. Mo fi ìgò ìyókù sí abíyá mi níṣojú gbogbo wọn, mo sì ń ka gbogbo àdúà tí mo kọ́ láti kékeré. Ó pẹ́ kí ìkùukùu tó ṣí. Oòrùn bọ́ sínú dígí, mo kán òmíràn, mo fi ojú sí i, mo sì gbàgbé pé àgbàlagbà ni mí. Mo fò sókè. Wọ́n ń rìn!

Mo fa Ìdòwú lọ́wọ́, mo ní kó wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sí i, kò sì gbé ojú kúrò fún ìgbà pípẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kí ló ń rí níbẹ̀.

"Wọ́n ń rìn, Ìyá," ló sọ.

Ìyá náà ní òun náà máa wò ó. Ó wò ó títí, ó ní ìpéǹpéjú ara òun nìkan lòun rí, ṣùgbọ́n bí ọmọ òun bá ti rí i, ó tó. Ó rọra rìn lọ sí etí omi, kò pe ẹnikẹ́ni ránṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló wọ omi dé orúnkún, ó gba báàgì aṣọ lọ́wọ́ Bọ̀sẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn, mo sunkún ayọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Awò náà kò sọ pé Ìdòwú ló ni oyún, ó kàn sọ pé ìwé mi parọ́ ni. Ìyókù, ọmọ fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́, nígbà tó gbé etí Ìdòwú gbàgàdà-gbagada méjèèjì wá sáyé. Ayọ̀mídé ni wọ́n sọ ọ́.

Ohun mìíràn tí mo rí nínú awò lọ́jọ́ yẹn, ìkọ̀kọ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún Ìdòwú. Irúgbìn rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ń wọ́ ẹsẹ̀, ìrù àwọn kan ká kò, orí àwọn kan kò gún. Mo bi í ní ohun tó ń lò. Ó ní igbó lòun ń fà láràárọ̀, lẹ́yìn náà oògùn ìrora tramadol kóun tó rì.

"Omi tutù, Alhaja. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà dúdú. Ẹni tí ojú ẹ̀ bá là kedere ò lè wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó ní ó dáa, bí ìgbà tí èèyàn ń dá òjò lóhùn. Ohun tí àwa náà mọ̀ nígbà yẹn kò ju pé ó ń dín iye irúgbìn kù. Èrò wa ni pé bí ọ̀kan ṣoṣo bá ti lè dé ibi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Láti ọjọ́ yẹn, n kò kọ ohun tí n kò rí mọ́, mo sì máa ń ní àwọn tí mo ń kọ́ kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ apẹja, awakọ̀ àti tísà bákan náà. Ọdún ń lọ, irinṣẹ́ ń yí padà. Ẹ̀rọ tí ń ka irúgbìn dé, kọ̀ǹpútà dé, àwòrán tí a máa ń di ojú kan láti wò bọ́ sójú kọ̀ǹpútà bíi tẹlifíṣọ̀n, gbogbo èèyàn lè jókòó kí wọ́n wò ó pọ̀. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá rò pé òun máa kọ́ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan kóun sinmi, kó má wá sídìí tèmi.

Ìpàdé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n pè wá sí, ní bí ọdún kan kí n tó fẹ̀yìn tì, ni mo ti gbọ́ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi dìde jó láàárín àwọn èèyàn. Olùkọ́ obìnrin kan tí kò ju àkọ́bí mi lọ ló ń sọ ọ́. Ó ní kì í ṣe iye irúgbìn nìkan ni kí á máa wò. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé onígbà yàrá tí mo gbé ní Ìkòròdú ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Bí ayálégbé kan bá kó jáde, wáyà inú ògiri ò yí padà. Ohun tó lè yàtọ̀ ni bọ́tìnì iná: ó tan èyí sílẹ̀, ó pa tọ̀hún, ó tilẹ̀ lẹ òmíràn pa. Bí ayálégbé tuntun bá wọlé, ipò tó fi wọ́n sí ló máa kọ́kọ́ bá. Ohun tí baba fi ránṣẹ́ sínú ọmọ náà dà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè má yí padà rárá, síbẹ̀ àwọn àmì kan wà lórí rẹ̀ tí ń sọ èyí tó máa ṣiṣẹ́ àti èyí tó máa dákẹ́. Igbó àti àwọn oògùn líle lè ta àwọn àmì yẹn nù tàbí kí wọ́n gbé wọn síbi tí kò yẹ.

Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń gbọ́ pé kí aláboyún ṣọ́ ohun tó ń jẹ. Ẹnì kan ò sọ fún baba pé òun náà ń gbé nǹkan lọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Àmọ́ olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò bù mọ́ ọn. Ó ní ara eku ni wọ́n ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀, pé bí baba eku bá gba oògùn, ìwà ọmọ rẹ̀ lè yàtọ̀. Ní ti ọkùnrin, ó ní wọ́n ti rí àmì tó yí padà lára irúgbìn àwọn tí ń fa igbó, ṣùgbọ́n bí èyí ṣe ń bá ọmọ wọn jà tàbí kò bá a jà, wọn kò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó wá ní irúgbìn tuntun máa ń gbó láàárín oṣù méjì àti ààbọ̀ sí mẹ́ta, ó sì jọ pé bí ọkùnrin bá jáwọ́ fún ìgbà yẹn, díẹ̀ nínú àwọn àmì náà lè padà sípò. Ìdòwú ni mo ń rò ní gbogbo ọ̀nà bí mo ṣe ń padà sí Ẹ̀pẹ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi wá bá mi fúnra rẹ̀. Òun àti Bọ̀sẹ̀ ti ń wá ọmọ kejì tipẹ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ayọ̀ pọ̀ lójú mi, mo ń fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bọ́tìnì iná. N kò kíyè sí i pé ojú tirẹ̀ ti bàjẹ́. Ayọ̀mídé ti pé ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Kó tó pé ọdún mẹ́ta ni oorun ti ń ṣòro fún un, ẹ̀rù tètè máa ń bà á, kò sì lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì kí ìwé tó wọ orí rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ ọkọ̀ wà tó o.

"Ṣé èmi ni mo ṣe é fún un, Alhaja?"

Mo ní n kò mọ̀. Mo ní ohun tó wà lára irúgbìn rẹ̀ lọ́jọ́ tí oyún ọmọ náà dúró, kò sí awò tó lè fi hàn mí lónìí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí baba wọn kò fa nǹkan kan rí náà ń rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ sórí ìwé, pé kì í ṣe èmi. Kí n kàn máa rí i kà."

Ẹ gbọ́, èèyàn ni mí. Ọwọ́ mi dé ibi bírò. Ìwé kékeré kan péré ni, á sì fún ọkùnrin yẹn ní oorun. Mo gbé bírò náà padà sí àyè rẹ̀. Mo ní n kò lè kọ pé òun ni, n kò sì lè kọ pé kì í ṣe òun. Mo ní ohun tí mo lè sọ ni pé ilé tí Ayọ̀mídé bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì ní àtúnṣe, kó lọ bá tísà rẹ̀, kó sì máa jókòó tì í bó bá ń kàwé. Ní ti ọmọ tó ń wá, oṣù mẹ́ta wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bínú jáde. Mo rò pé n kò ní rí i mọ́.

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Mo fi í lé dókítà lọ́wọ́, torí tramadol kì í ṣe ohun tí èèyàn ń já sílẹ̀ gbì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó lè gbé èèyàn ṣubú. Ó kúrò nídìí yanrìn, ó ń wa ọkọ̀ èrò lórí omi, Ayọ̀mídé a sì máa ka ìwé sókè fún un nígbà tí wọ́n bá ń dúró de èrò. Lóṣù kejì, ó yọ́ lọ fa igbó. Òun fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́wọ́, ojú tì í bí ọmọ iléèwé. A bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì la tún un bẹ̀rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń ṣàdúà fún un pẹ̀lú tàwọn ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ tí mo máa fẹ̀yìn tì ni oṣù mẹ́ta náà pé. Ó fi ìgò sí abíyá wá láti etí omi, ó ń rìn kánmọ́kánmọ́, Bọ̀sẹ̀ ń tẹ̀lé e. Mo kán an, mo tan kọ̀ǹpútà, mo sì yí ojú rẹ̀ sí wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo ti rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ní ọdún mẹ́rìndínlógójì, síbẹ̀ mo sún mọ́ ọn bí ẹni tí kò rí i rí. Ojú kọ̀ǹpútà náà kún. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń kọjá lára wọn. Mo sọ fún Ìdòwú pé àmì tí à ń sọ yẹn, ẹ̀rọ mi kò lè rí i, n kò sì ní ṣèlérí ohun tí n kò rí. Mo ní ohun tí mo rí ni pé wọ́n pọ̀, wọ́n gún, wọ́n sì ń rìn.

Kò dà bíi pé ó gbọ́ mi. Ó na ìka rẹ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn láti igun kan dé èkejì. Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Bọ̀sẹ̀, wò wọ́n. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tó bá mi nídìí igbó fífà."